Ohùn Inú Akoto Ọkọ Àbúrò Mi

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń dùn mí bẹ̀rẹ̀: mo jowú ọkọ àbúrò mi obìnrin. Ẹ má bá mi wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owú ni, owú pọ́ńbélé, irú èyí táwọn orogún ń jẹ lórí ọkọ kan, òun ni èmi ọkùnrin onírùngbọ̀n ń jẹ lórí ìyá tó bí mi. Èmi ni àkọ́bí Màámi. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé nílùú Ṣakí, nínú yàrá tó kọjú sí títì, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú lẹ́bàá kànga tí egungun ìbàdí wọn sì yẹ̀. Èmi ni mò ń gbé wọn jáde síta láàárọ̀, èmi náà ni mò ń gbé wọn wọlé. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbọ́ ìró máṣíìnì ọkọ àbúrò mi lókèèrè báyìí, ojú wọn á là, wọ́n á máa tún gèlè wé. Wọn kì í tún gèlè wé tí èmi bá ń bọ̀.

Ọ̀kadà ni mò ń gùn jẹun. Kò sí ọ̀nà tí mi ò mọ̀ láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, láti Ṣakí dé Kíṣí, tó fi mọ́ àwọn ọ̀nà inú igbó tó já sí bọ́dà. Ládùúgbò wa, èmi ni mo kọ́kọ́ ra kámẹ́rà tí wọ́n ń so mọ́ akoto tí à ń dé gun máṣíìnì. Kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì lọ. Ohun tí mo rò ni pé Màámi tí kò lè rìn mọ́ yóò máa fi ojú mi rìn: ibi tí mo bá lọ, wọ́n á lọ. Èrò rere ni. Mo ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò fi ibi bẹ̀rẹ̀.

Mo so kámẹ́rà mọ́ iwájú akoto, ó di ọ̀nà Ìgbòho. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń sọ̀rọ̀ bí olóṣèlú. Mo ń fi igi òrí hàn wọ́n, mo ń fi màlúù àwọn Fúlàní hàn wọ́n, mo ń fi iṣu tí wọ́n kó jọ sétí títì hàn wọ́n, mo sì ń sọ ẹni tó ni oko kọ̀ọ̀kan. Mo délé, mo gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́, mo jókòó tì wọ́n kí n lè rí bí wọ́n ṣe máa rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń jáde ni "fùùùùù," láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Òjò ńlá yìí, níbo ló ti ká ọ mọ́?" Màámi bi mí.

"Kì í ṣe òjò, Màámi. Atẹ́gùn ni."

"Ìwọ wá ńkọ́? Mi ò gbọ́ ohùn rẹ."

"Mo wà lábẹ́ atẹ́gùn náà."

"Pẹ̀lẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì dá fóònù padà fún mi.

Ọkọ àbúrò mi, olùkọ́ ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìpàpó. Ọjọ́ Jímọ̀, tó bá ti kírun tán, á gun máṣíìnì rẹ̀ wá kí Màámi. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Tó bá dé, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn, kò sì ní dìde àfi tí Màámi bá ní kó dìde. Ẹ bá mi wá ẹ̀bi sí i lára kẹ́ ẹ lè bá mi gbè. Èmi wá a títí, mi ò rí. Àna rere ni, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú.

Kò pé oṣù mélòó kan tí mo ra kámẹ́rà tèmi lòun náà ra tirẹ̀. Àlòkù ni, ara rẹ̀ ti sán, tépù dúdú ni wọ́n fi wé e bí ọgbẹ́. Mo rí i, mo fi ẹ̀rín pa mọ́ sínú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, ó ní òun ya nǹkan díẹ̀ bọ̀ láti Ìpàpó. Màámi gba fóònù. Ẹ gbọ́ o, kò sí fùù kankan. Ohùn rẹ̀ ń jáde ketekete bí ẹni tó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa: "Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ báyìí. Ẹ wo bàbá yẹn, ebè ló ń kọ. Ẹ wò ó, ọkọ́ rẹ̀ ti yọ kúrò lára ẹ̀rúkọ́, ó ń bú u." A sì ń gbọ́ bí bàbá náà ṣe ń bú ọkọ́.

"Ẹ kú oko o!" Màámi kí bàbá inú fóònù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìbàdí mú. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn láti ọjọ́ kànga. Ó yẹ kí inú mi dùn, àbí? Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín! Wáláì, inú mi ò dùn. Ó ń ta mí bí ata wẹ́wẹ́. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo taya máṣíìnì mi, taya tí kò ṣe nǹkan kan.

Nígbà tó ń lọ, mo tẹ̀ lé e síta. Mo ní, "Báwo lo ṣe ń ṣe é?"

Ó fọwọ́ ra orí. "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Mo ra máìkì kékeré tó ní okùn, inú akoto ni mo kì í bọ̀, níbi àgbọ̀n, kí afẹ́fẹ́ má baà rí i. Mo wá fi fóòmù díẹ̀ bò ó lójú."

"Fóòmù wo?"

"Fóòmù ṣáá ni, Ẹ̀gbọ́n." Ó wojú ibòmíràn.

Mo ní háà, ó ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi! Èmi náà ra máìkì, mo kì í bọ inú akoto, mo gé fóòmù nínú bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi, mo di í mọ́ ọn. Ohùn mi wá jáde bí ẹni tí wọ́n dì sínú àpò gààrí. Màámi bi mí pé ṣé ọ̀fìnkìn ń ṣe mí ni, wọ́n sì ní kí ìyàwó mi fi ewé gbígbóná wẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ kejì, àbúrò mi náà bá ọkọ rẹ̀ wá. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe jókòó ti iyán, mo gbé akoto rẹ̀, ó di ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ẹ ò rí àgbà tó ń jalè? Mo tú inú rẹ̀. Mo rí máìkì náà níbi àgbọ̀n, bó ṣe wí gẹ́lẹ́. Mo rí fóòmù náà, ó fẹ́lẹ́, ó rọ̀, ó rí roboto, wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán an yí máìkì ká. Mo ń yí i síwá sẹ́yìn, mo ń rò ó pé irú fóòmù wo lèyí, ni mo gbọ́ ohùn àbúrò mi lẹ́yìn mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń fi kọ́mú mi ṣe?"

Ẹ gbà mí o! Fóòmù inú kọ́mú rẹ̀ tó ti gbó ni. Ìdí tí ọkọ rẹ̀ fi ń wojú ibòmíràn nìyẹn. Kò lè wojú ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ kó ní kọ́mú ìyàwó òun ni. Ọ̀wọ̀ ló fi ń bo ọ̀rọ̀ náà, èmi ní àṣírí ni. Ojú tì mí, mo gbé akoto náà kalẹ̀ bí ẹyin. Ṣé owú wá lọ? Kò lọ. Ó tún ru sí i, nítorí pé kódà nígbà tó ń fi nǹkan pa mọ́, ìwà ló fi ń pa á mọ́.

Màámi ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó kù láyé. Màmá Àgbà là ń pè wọ́n. Abúlé kan lẹ́yìn Kíṣí ni wọ́n ń gbé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé, etí wọn sì ti di débi pé bó bá tilẹ̀ dé, fóònù ò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, lọ́dọọdún, tí iṣu tuntun bá ti jáde, Màámi á lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn. Orí ẹní kan náà làwọn méjèèjì máa ń sùn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí ọmọge. Láti ìgbà tí ìbàdí ti yẹ̀, ojú kò kan ojú mọ́. Odidi ọdún mẹ́ta.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi, àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ jókòó yí wọn ká. Màámi kọjú sí ọkọ àbúrò mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o ò lè bá mi gbé ohùn ẹ̀gbọ́n mi wá? Kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ẹ̀yin èèyàn, mo wà níbẹ̀ o! Mi ò lọ sójà, mi ò sùn. Mo jókòó síbẹ̀ bí ọmọ odó, wọ́n sì fò mí dá, wọ́n rán ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò jẹ́ kó dáhùn.

"Èmi ni màá lọ," mo wí. "Ẹ̀gbọ́n ìyá tèmi ni."

"Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n," ó dáhùn. "Ẹ̀yin ló tọ́ sí." Ó wá rọra fi kún un pé, "Ẹ má bínú o, tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ kí wọn, máìkì yẹn..."

"Mo mọ̀ ọ́n!" Mo já a lẹ́nu. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ohun tí mo ti ń lò kó o tó rí i?"

Àbúrò mi dìde, ó wọlé lọ mú fóòmù ẹ̀gbẹ́ kejì kọ́mú yẹn wá látinú báàgì rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo gbà á. Owú ò ní kéèyàn má gba fóòmù.

Mo rán fóòmù náà mọ́ máìkì, mo dán an wò dé Àgọ́-Àmọ̀dù kí ọjọ́ tó pé, ó mọ́ kedere. Bí mo ṣe ń kọjá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rì lọ́jọ́ tí mo wá lọ gan-an, mò ń kọrin. Mò ń bá Màámi sọ̀rọ̀ nínú akoto, mò ń júwe ọkà bàbà tó ti pọ́n, mò ń kí àwọn èèyàn lójú ọ̀nà. Mo ní lónìí, ẹni tó bí mi á mọ̀ pé òun bí mi.

Mo dé abúlé. Màmá Àgbà jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n mọ̀ mí, wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí nù kúrò lọ́wọ́, wọ́n nawọ́ sí mi. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló ń dé akoto kí àgbà? Ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé ni. Mo ṣí akoto, mo rọra gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n fọwọ́ lé mi lẹ́yìn, wọ́n ń kì mí. Nígbà tí mo dìde jókòó sórí ẹní, iná pupa kámẹ́rà ṣì ń tàn lára akoto. Mo kígbe sí wọn létí pé Màámi fẹ́ gbọ́ ohùn wọn, pé kí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ náà ń gbọ́.

Wọ́n sọ̀rọ̀! Wọ́n sọ bí ìyá wọn ṣe kú nígbà tí Màámi kò tíì rìn, bí ó ṣe jẹ́ pé ẹ̀yìn àwọn ni Màámi ti mọ ayé. Wọ́n sọ bí Màámi ṣe di ìró wọn mú lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ, tí wọ́n fi ní láti gé etí ìró náà sílẹ̀ fún un kí ó tó jẹ́ kí wọ́n lọ. Wọ́n kọ orin tí wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Omi ń bọ́ lójú wọn, omi ń bọ́ lójú mi. Mo bá wọn sunkún bí ọmọ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn. Mi ò tilẹ̀ ṣí fídíò náà wò lọ́nà. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé etí Màámi ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Gbogbo ilé péjọ. Mo rí i dájú pé ọkọ àbúrò mi wà níjókòó. Èmi gan-an ni mo ránṣẹ́ sí i. Ọ̀nà kọ́kọ́ jáde, ohùn mi mọ́, Màámi ń mi orí. Mo fi ojú wo àna mi báyìí, ojú tí ń sọ pé ṣé o rí i. Lẹ́yìn náà Màmá Àgbà yọ lókèèrè, lórí àga, wọ́n nawọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Màámi kígbe.

Gbogbo rẹ̀ bá dojú dé. Ojú ọ̀run, ògiri, ilẹ̀. Ilẹ̀ ló kù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ mẹ́rin wọlé. Máìkì tí mo kì bọ inú akoto, inú akoto ló wà, ní dídé sílẹ̀. Ohùn Màmá Àgbà ń bọ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò tí a dé: "hùn-hún-hùn, hún-hùn." Màámi gbé fóònù mọ́ etí ọ̀tún, wọ́n gbé e mọ́ tòsì. "Kí ni wọ́n wí? Kí ni wọ́n wí níbẹ̀ yẹn?" Ewúrẹ́ náà fimú gbo kámẹ́rà, ó ké "mèèè," ìyẹn nìkan ló mọ́ kedere. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín, ó rí ojú Màámi, ó dákẹ́.

Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ohun tó fẹ́ sọ fún mi tí mo já a lẹ́nu nìyẹn: pé tí mo bá ṣí akoto láti kí wọn, kí n yọ máìkì jáde. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ǹ bá rí nǹkan bá a jà sí.

Mo fi ẹnu sọ ohun tí Màmá Àgbà wí fún Màámi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dé ibi orin, mi ò rántí ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. "Ó dáa," ni Màámi wí. "O ṣeun, o rìn jìnnà." Wọ́n yí ojú sí ògiri.

Ní ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, ọkọ àbúrò mi lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣe ni mo rí i ní gáréèjì wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, eruku Kíṣí bò ó dé ìpéǹpéjú. Ó mú mi lọ sábẹ́ igi, ó fi mẹ́mọ́rì káàdì kékeré kan sí mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fún Màmá. Ẹ ṣáà ní ẹ tún padà lọ. Ẹ má dárúkọ mi." Ó gun máṣíìnì rẹ̀, ó tún yíjú padà. "Ẹ tètè fún wọn o. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ wà níbẹ̀."

Mo wò ó lẹ́yìn ilé fọkanáísà. Màmá Àgbà kún ojú fóònù. Wọ́n ti há máìkì mọ́ etí bùbá wọn, orí odó tí a dojú rẹ̀ dé ni akoto wà, ó kọjú sí wọn. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Wọ́n kọ orin náà tán pátá. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, ọmọ mi tó wà lódìkejì bọ́dà ń bọ̀ wá mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, lọ́jọ́ ọjà kẹta sí èyí. Mi ò rò pé mo tún ń padà. Jẹ́ kí n gbọ́ èsì rẹ kí n tó lọ. Àna rẹ ti ki nǹkan kan bọ̀ mí létí, ó sì ń gba ohùn wọlé. Èmi tí mi ò gbọ́ ààrá, mo gbọ́ orin nínú rẹ̀." Íápíìsì ni. Ó ti gbé íápíìsì dání lọ, ó ti dán an wò. Ọ̀nà tí mi ò ronú kàn láéláé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, ohun tó yẹ kí n ṣe kò ṣòro. Ilé mi kò jìnnà sí gáréèjì. Àmọ́ bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn tó mọ́ yẹn, inú mi ń gbóná. Láàárín ọ̀rọ̀, mo gbọ́ ohùn tirẹ̀ náà: "Ẹ rọra máa sọ ọ́, Màmá Àgbà." Mo ní ahá! Ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, báwo ni màá ṣe ní èmi ni? Màámi á mọ̀, wọ́n á sì tún tìtorí rẹ̀ wé gèlè. Mo ní ọjà mẹ́ta ṣì jìnnà. Mo ní màá padà lọ fúnra mi, màá há máìkì mọ́ bùbá, màá gba tèmi. Mo fi káàdì náà sápò àyà, mo sé bọ́tìnnì.

Lọ́jọ́ kejì, èrò pọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, òjò. Ọ̀la, ọ̀la. Ọkọ àbúrò mi kò yọjú ní Jímọ̀ méjì, kí n lè ráyè gba ìyìn; Màámi sì ń bi mí pé àbí wọ́n ṣẹ̀ ẹ́ ni. Ó pè mí lórí fóònù, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Màmá ti wò ó?" Mo ní, "Wọ́n ti wò ó. Inú wọn dùn." Ó ní, "Àlùhàmúdùlíláì." Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu, èmi ni wọ́n ń bá wí.

Ní Jímọ̀ kẹta ó dé. Ó dọ̀bálẹ̀, Màámi ní kó dìde, wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo rò pé o ti kọ̀ mí. Bí mo ṣe wà yìí náà ni o, mi ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi." Ó wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Lẹ́yìn náà ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ ó gbọ́ ọ, Màmá. Ẹ ní sùúrù." Ó bò mí láṣìírí! Kò tú mi fó níwájú ìyá mi, ìyẹn sì ni mi ò lè fara dà. Mo tú bọ́tìnnì, mo yọ káàdì, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pátá, tó fi dé orí irọ́ tí mo pa lórí fóònù.

Màámi ní kí wọ́n gbé káàdì náà sí fóònù. Wọ́n bá ẹ̀gbọ́n wọn kọ orin náà, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀ lẹ́nu wọn. Nígbà tó dé ibi ọjọ́ ọjà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó ti lé lọ́jọ́ mẹ́ta," ni wọ́n wí. "Bóyá wọn ò tètè wá mú wọn. Ẹ gbé máìkì yẹn fún mi."

Àna mi há a mọ́ bùbá wọn. Màámi fún ẹ̀gbọ́n wọn lésì, mi ò ní kọ ohun tí wọ́n wí síbí. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ọkọ àbúrò mi na ọwọ́ sí akoto rẹ̀ pé òun á lọ, Màámi ní rárá. Wọ́n nàka sí mi, wọn ò wojú mi. "Ìwọ lo fi pa mọ́, ìwọ lo máa gbé e lọ. Bó o bá bá wọn, bó ò bá bá wọn, ohun tó o bá bá níbẹ̀ ni kó o gbé wá, kí n fi ojú ara mi rí i."

Lọ́sàn-án yẹn ni mo gbéra. Mi ò sọ̀rọ̀ nínú akoto. Mo dé abúlé, àga Màmá Àgbà wà létí ọ̀nà, kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Obìnrin kan tó jẹ́ aládùúgbò wọn jáde sí mi. Mo ṣí akoto, mo kí i dáadáa, mo yọ máìkì, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n há a mọ́ ọn láṣọ, mo gbé akoto sórí odó. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe bó ṣe yẹ kó rí.

"Ṣé ìwọ ni àkọ́bí àbúrò wọn?" ó bi mí. Mo ní èmi ni. "Háà! O ò tètè dé. Lọ́jọ́ ọjà ni ọmọ wọn gbé mọ́tò dé. Wọ́n ti di ẹrù sínú mọ́tò, Màmá Àgbà ní àwọn ò tíì lọ. Wọ́n ní àna yín sọ fún àwọn pé àkọ́bí fúnra rẹ̀ ló ń gbé èsì bọ̀, pé ọmọ tó bá àwọn sunkún lójọ́sí kò ní ṣàìwá. Ọmọ wọn bẹ̀ wọ́n títí. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n dá mọ́tò dúró. Wọ́n ró ìró tuntun, wọ́n ní ká gbé àga síbi tó o rí i yẹn. O mọ̀ pé etí wọn ò gbọ́. Bí eruku bá ti sọ lókèèrè, wọ́n á bi mí pé, 'Ṣé òun nìyẹn?' Màá ní òun kọ́, Màmá. Ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n tó gbà láti lọ. Wọ́n ní bó o bá dé, kí n fún ọ lóúnjẹ, pé ọ̀nà rẹ jìn."

Ó gbé iyán síwájú mi. Mo bu òkèlè méjì, mo dìde.

Mo gbé fídíò náà délé fún Màámi bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Èsì tiwọn ṣì wà nínú káàdì. Àna mi ń wá awakọ̀ tó ń kọjá bọ́dà tó lè bá wa béèrè ilé ọmọ Màmá Àgbà, a ò tíì rí. Màámi fi ara ti ògiri, wọ́n wo fídíò obìnrin yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí atẹ́gùn, kò sí ewúrẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù nínú rẹ̀. Fídíò tó mọ́ jù tí mo yà láyé mi ni. Ọkọ àbúrò mi jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó dorí kodò.

"Dá a padà sẹ́yìn," Màámi wí. "Ibi tí wọ́n ti ń béèrè."

Mo dá a padà. "Ṣé òun nìyẹn?" Obìnrin náà tún sọ ọ́.

Màámi gbé fóònù sórí ẹsẹ̀, wọ́n wò mí lójú fúngbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́wọ́.

"Ṣé o gbọ́?" wọ́n ní. "Ìwọ ni wọ́n ń retí. Wọn ò retí ẹlòmíràn."

Mo ní, "Mo gbọ́, Màámi."